Kẹ̀kẹ́ Irin Kì Í Tètè Kú

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni mo gbé wá lónìí. Mi ò sọ ti Márúwá, mi ò sì sọ ti ọ̀kadà. Kẹ̀kẹ́ ológeere tí a ń fi ẹsẹ̀ wà ni mo ní lọ́kàn, onírin gidi: èyí tí bàbá fi ti ògiri ẹ̀yìnkùlé láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tàbí tòkunbọ̀ tí wọ́n já sílẹ̀ látinú kọ̀ǹténà tí ẹ ń ná lọ́wọ́ báyìí. Ẹni tó ń gùn ún lọ sóko, ẹni tó ń fi í gbé búrẹ́dì kiri àdúgbò, olùkọ́ tó ń gùn ún lọ sílé ìwé, ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá sọ̀rọ̀.

Férémù irin kì í tètè kú. Ohun tó ń sọ kẹ̀kẹ́ di àpatì ni ẹ̀yà kan lára rẹ̀ tó bàjẹ́, tí a kò rí irú rẹ̀ rà mọ́, tàbí tí a rí rà ṣùgbọ́n tí kò bá a mu, tí wọ́n wá fi òòlù lù ú wọlé títí tí ojú ihò fi bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra nǹkan sára kẹ̀kẹ́ rẹ̀ pé kó tó béèrè iye rẹ̀, kó kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò tú u fún òun lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́, àti ibi tí òun yóò ti rí irú rẹ̀ rà. Bí ìdáhùn kò bá sí nítòsí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọlọ́jà, bó ti wù kó máa dán tó.

Ẹ wo àwọn kẹ̀kẹ́ Raleigh tí wọ́n ń kó wá nígbà kan rí láti ìlú Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé iṣẹ́ náà ti wà láti àwọn ọdún 1880. Owó kòkó ló ra ọ̀pọ̀ nínú wọn fún àwọn àgbẹ̀ wa, wolé-wolé ń gùn wọ́n kiri, katikíìsì ń gùn wọ́n láti abúlé dé abúlé. Bí wọ́n ṣe kan férémù wọn ni pé wọ́n ti ọ̀pá irin bọ inú ìsọpọ̀ onírin, wọ́n wá yọ́ idẹ sáàárín kó lè dì í. Irin bẹ́ẹ̀ máa ń tẹ̀ kó tó dá, ohun tó bá sì tẹ̀ ṣeé nà padà. Èyí tó bá là níbì kan, jórinjórin tó mọṣẹ́ lè fi idẹ dí i. Alumíníọ́mù kò rí bẹ́ẹ̀. Tó bá ti là, iṣẹ́ rẹ̀ ju ti jórinjórin orí ìta lọ.

Kí ẹ tó náwó kankan lé férémù lórí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi ojú àti èékánná yẹ ìdí ibi tí fọ́ọ̀kì ti bọ inú férémù, bóyá ọ̀dà ti wú tàbí ó ti ṣẹ́ jọ níbẹ̀. Àmì pé kẹ̀kẹ́ náà ti forí gbá nǹkan nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ wá okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ẹ so orí rẹ̀ mọ́ ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti ń wọ férémù lápá òsì, ẹ fà á lọ síwájú yí ọrùn férémù po, ẹ fà á padà wá sẹ́yìn lápá ọ̀tún, ẹ so ó le dáadáa. Ẹ wá wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti ọ̀pá tó gbé ìjókòó, lápá méjèèjì. Bó bá dọ́gba, férémù tọ́. Bó bá yàtọ̀, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti yẹ̀ sápá kan, kí ẹ sì fi ìyẹn ná an wálẹ̀. Okùn yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ọ̀pọ̀ tó ń ra tòkunbọ̀ kò sì mọ̀ ọ́n.

Ibi tí owó yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ ni ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ìyẹn táyà, rímù àti sípóòkù. Ìdí táyà ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò. Ẹ dé ọjà, ẹ ní ẹ fẹ́ táyà 26. Ọlọ́jà mú 26 fún yín, ẹ sanwó. Ẹ délé, kò wọ rímù. Ọlọ́jà kò purọ́. Oríṣi 26 tó wà ju ẹyọ kan lọ. Èyí tí wọ́n kọ 26 x 1 3/8 sí lára, tó wà lára ọ̀pọ̀ Raleigh onígíà mẹ́ta, rímù mìlímítà 590 ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tó nípọn, tí wọ́n kọ 1.95 tàbí 2.1 sí, tó wà lára àwọn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gun òkè, rímù mìlímítà 559 ló ń wọ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè fi ipá sọ wọ́n dọ́gba. Bákan náà ni 28 x 1 1/2 ti kẹ̀kẹ́ gíga àwọn bàbá wa ṣe jẹ́ 635, tí 700C tó kún ara tòkunbọ̀ Yúróòpù sì jẹ́ 622, bẹ́ẹ̀ àwọn kan ń pe òun náà ní 28.

Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ fi akísà tútù nu ẹ̀gbẹ́ táyà tó wà lára kẹ̀kẹ́, kí ẹ wá nọ́ńbà méjì tí ìlà kékeré wà láàárín wọn, bíi 37-590. Ti àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ táyà, ti ìkejì ni ti rímù. Ti ìkejì yẹn kò gbọ́dọ̀ fi ẹyọ kan yàtọ̀. Ti àkọ́kọ́ lè fi díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tí àyè bá wà lábẹ́ mọ́dígáàdì, bí ọ̀nà yín bá sì ní kòtò, ẹ jẹ́ kó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ kíyè sí ẹnu tíúbù pẹ̀lú. Ẹnu tó dà bí ti ọkọ̀ ni mo fara mọ́ jù, torí pé fọganáísà èyíkéyìí lẹ́bàá ọ̀nà lè fún un ní atẹ́gùn. Ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ ti kẹ̀kẹ́ eré ìje, ẹni tí kò bá ní pánpù tirẹ̀ yóò fẹsẹ̀ rìn wálé.

Rímù onírin tí wọ́n pa kúróòmù sí rẹwà, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti pa á, rọ́bà bíréèkì kì í lè dì í mú dáadáa mọ́. Ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Màpó nínú òjò lórí rímù bẹ́ẹ̀, kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún bíréèkì láti òkè. Alumíníọ́mù sàn jù ú lọ nínú omi, ó tún fúyẹ́. Bí rímù yín bá ti dípẹtà débi tí ẹ fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, alumíníọ́mù ni kí ẹ fi rọ́pò, ṣùgbọ́n ẹ ka ihò rẹ̀ ná. Kẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ sábà máa ń ní sípóòkù 32 níwájú àti 40 lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ihò 36 ló pọ̀ jù lára rímù tó wà lọ́jà. Rímù 36 kò lè bá họ́ọ̀bù 40, ìyẹn àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí sípóòkù ti jáde, ṣiṣẹ́. Ohun kan tún wà níbẹ̀: bí bíréèkì yín bá jẹ́ èyí tó ń fi ọ̀pá irin ṣiṣẹ́ dípò wáyà, inú rímù ni rọ́bà rẹ̀ ń tẹ̀, lápá ibi tí sípóòkù wà. Rímù alumíníọ́mù tí wọ́n ń tà káàkiri kò ní ojú fún un. Tí ẹ bá pààrọ̀ rímù, ẹ ó pààrọ̀ bíréèkì náà; ẹ ṣírò méjèèjì pọ̀ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà.

Ní ti sípóòkù, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé fífún un le jù ló ń já a. Èyí tó rọ̀ ló sábà máa ń já. Nígbà tí ẹrù iṣu wà lórí káríà tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń yí, sípóòkù tó bá bọ́ sísàlẹ̀ máa ń dẹ̀ díẹ̀, tó bá kúrò níbẹ̀ á tún le padà. Tó bá ti rọ̀ tẹ́lẹ̀, dídẹ̀ àti líle yìí á máa tẹ ọrùn rẹ̀ síwá sẹ́yìn nídìí họ́ọ̀bù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà lóòjọ́, títí ọrùn náà á fi là. Ẹ dorí kẹ̀kẹ́ kodò kó jókòó lé ìjókòó àti ọwọ́ rẹ̀. Ẹ fi ìka ta sípóòkù lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ta okùn gìtá. Àwọn tó wà lápá kan náà yẹ kí ohùn wọn sún mọ́ra. Èyí tó bá dún bọ̀ọ̀ láàárín àwọn tó ń dún tíín, ẹ ti rí i. Ẹ fi sípánà sípóòkù yí nípùlù rẹ̀, ìyẹn nọ́ọ̀tì kékeré tó dì í mọ́ rímù, ní ìdá mẹ́rin òbíríkítí kan péré, ẹ yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ wò lẹ́bàá rọ́bà bíréèkì, kí ẹ tó tún yí i. Ẹni tó bá ń kánjú fi ìdajì òbíríkítí yí i lẹ́ẹ̀kan náà, òun náà ni yóò gbé rímù tó wọ́ lọ fún rìpíárà. Bí ẹ bá ń ra sípóòkù tuntun, ẹ ra èyí tí kì í dípẹtà. Owó rẹ̀ ju ti èkejì lọ, ó sì tọ́ sí i.

Bíréèkì ni mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni ṣọ́ owó lé lórí. Rọ́bà tó ti le bí pákó, ẹ yọ ọ́ sọnù, kódà bí ó ṣì nípọn. Rọ́bà kò gbọ́dọ̀ kan ara táyà rárá, torí yóò gé e. Wáyà tí okùn rẹ̀ kan bá ti já nídìí ibi tí ọwọ́ ń fún, ẹ má dúró kí èkejì já. Àwọn tòkunbọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ẹ ó fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà sí kí wọ́n tó dúró. Mo fẹ́ràn wọn, nítorí pé inú họ́ọ̀bù ni bíréèkì náà wà, òjò kò rí i fín. Ṣùgbọ́n ṣéènì ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ yín dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí ṣéènì bá yọ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò sí bíréèkì mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gun irú rẹ̀ láìfi bíréèkì ọwọ́ kan síwájú.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí gíà. Mo rí àwọn kẹ̀kẹ́ tuntun olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì síwájú, ṣọ́ọ̀kì sáàárín, gíà tó gbé ara kọ́ níta tó ń ti ṣéènì láti orí eyín kan sí òmíràn. Ojú àwọn ọmọ wa máa ń kún fún un. Ṣọ́ọ̀kì yẹn wúwo, kì í pẹ́ tó fi máa ń jó rìnrìn; gíà ìta yẹn, igi kékeré kan tó bá há sí i ti tẹ̀ ẹ́. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ lórí kẹ̀kẹ́, yálà kó máa ní gíà kankan rárá, tàbí kó wá èyí tí gbogbo rẹ̀ wà nínú họ́ọ̀bù.

Olórí nínú wọn ni ti Sturmey-Archer, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1902, tí òun àti Raleigh jọ wà ní Nottingham nígbà náà. Họ́ọ̀bù wọn tí wọ́n ń pè ní AW jáde ní 1936, ó ní gíà mẹ́ta. Ti àárín ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gẹ́lẹ́ bí eyín ẹ̀yìn ṣe ń yí. Ti ìsàlẹ̀ ń dín in kù ní ìdá mẹ́rin fún òkè. Ti òkè ń fi ìdá mẹ́ta kún un fún ilẹ̀ títẹ́jú. Ẹ nu ìdọ̀tí ara họ́ọ̀bù yín, ẹ lè rí ọdún tí wọ́n ṣe é níbẹ̀. Bí ẹ bá rí 62, ọdún 1962 ni. Ohun tó ń jẹ kò pọ̀: ọ́ìlì fúlẹ́fúlẹ́, ẹ̀kán díẹ̀ lóṣooṣù, láti ẹnu ihò kékeré tó ní ìdérí lára rẹ̀. Gírísì kọ́ o. Gírísì nínú ibẹ̀ máa ń mú àwọn irin kéékèèké inú rẹ̀ lẹ̀, gíà á sì máa yọ̀.

Mo ní láti kìlọ̀ kan níbí. Láàárín gíà kejì àti ìkẹta họ́ọ̀bù yìí, àyè òfo kan wà tí pẹ́dà kò di nǹkan kan mú. Bí wáyà gíà bá dẹ̀ tàbí ó le jù, ẹsẹ̀ yín lè já bọ́ sínú òfo yẹn lójijì. Ẹni tó dìde dúró lórí pẹ́dà láti gun òkè nígbà yẹn lè fi àyà lu ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Wíwọ̀n rẹ̀ kò le. Ṣéènì tín-ínrín kan jáde láti inú ọ̀pá họ́ọ̀bù lápá ọ̀tún. Bí ẹ bá ti fi gíà sí ti àárín, ẹ yọjú wo inú ojú fèrèsé kékeré tó wà lára nọ́ọ̀tì ibẹ̀: ọ̀pá tó so mọ́ ṣéènì náà gbọ́dọ̀ bá ẹnu ọ̀pá ńlá dọ́gba. Bí kò bá dọ́gba, ẹ yí irin tó so wáyà mọ́ ọn títí yóò fi dọ́gba.

Ẹni tí kò ní gíà náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Kẹ̀kẹ́ gíga àtijọ́ sábà máa ń ní eyín 48 níwájú àti 18 lẹ́yìn. Ìyẹn dára fún ilẹ̀ títẹ́jú, ó sì ń pa orúnkún lára lórí àwọn òkè Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Ẹ fi eléyín 22 rọ́pò ti ẹ̀yìn, ẹ ó rí i pé gbígbé ẹrù gun òkè á fúyẹ́ ní nǹkan bí ìdá márùn-ún. Ẹ lè ní láti fi ojú ṣéènì díẹ̀ kún un. Mi ò mọ àtúnṣe mìíràn tó kéré lówó tó bẹ́ẹ̀ tó ń mú ìrọ̀rùn tó bẹ́ẹ̀ wá.

Apá pẹ́dà àwọn kẹ̀kẹ́ àtijọ́, irin kékeré tí wọ́n ń pè ní kọ́tà ló dì í mú. Bó bá ń dún kó, kó, lẹ́ẹ̀kan nínú gbogbo yíyí pẹ́dà, kọ́tà ti rọ̀ nìyẹn. Ẹ má gùn ún lọ bẹ́ẹ̀, yóò jẹ ihò apá náà. Ẹ yọ kọ́tà, ẹ wò ó: ojú kan lára rẹ̀ tẹ́, ó sì ń tín-ínrín lọ sápá ibi tí nọ́ọ̀tì wà. Ojú tó tẹ́ yẹn ló ń di ọ̀pá àárín mú. Ti Gẹ̀ẹ́sì fẹ̀ ní mìlímítà 9.5, ti àwọn ilẹ̀ mìíràn kan jẹ́ 9. Èyí tó kéré nínú ihò ńlá kò ní dúró láé. Ẹ fi irin tó wúwo ti abẹ́ apá pẹ́dà kí ẹ tó fi òòlù lu kọ́tà wọlé. Ẹni tó bá lù ú láìti nǹkan sábẹ́, orí bọ́ọ̀lù inú férémù ni gbogbo òòlù yẹn ń bọ́ sí, yóò sì fi ojú bọ́ọ̀lù há ara ife tí wọ́n jókòó sí. Kọ́tà ọ̀tún àti ti òsì máa ń dojú kọ òdìkejì ara wọn. Bí ẹ bá fi wọ́n sí ibì kan náà, apá pẹ́dà méjèèjì kò ní tọ́ sí ara wọn. Lẹ́yìn gígùn ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ tún nọ́ọ̀tì rẹ̀ fún.

Ibi ife tí bọ́ọ̀lù jókòó sí yìí ni wọ́n ti ba ọ̀pọ̀ Raleigh jẹ́. Eyín ìyípo tí àwọn ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì yòókù ń lò jẹ́ 24 nínú íǹsì kan. Raleigh lo 26 tirẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ife 24 á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, á wọ̀ díẹ̀, á wá le. Níbẹ̀ ni àwọn kan ti ń mú páìpù gígùn sí sípánà. Ẹ má ṣe é. Bí ìka yín kò bá lè yí i wọlé dé ìyí méjì tàbí mẹ́ta, kì í ṣe ti ibẹ̀. Ẹ tún rántí pé ife ọ̀tún ń fún sápá òsì, gẹ́gẹ́ bí pẹ́dà òsì náà ṣe ń fún sápá òsì.

Àwọn bọ́ọ̀lù irin fúnra wọn kò wọ́n. Nígbà tí ẹ bá tú họ́ọ̀bù tí kò ní gíà nínú, ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn pọ̀, ẹ má dà wọ́n lù: ti àárín pẹ́dà àti ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sábà máa ń jẹ́ ìdá mẹ́rin íǹsì, ti iwájú sì kéré jù wọ́n lọ. Ẹ fọ gírísì àtijọ́ kúrò pẹ̀lú kẹrosíìnì, ẹ fi tuntun sí i, ẹ fún kọ́ọ̀nù tó di bọ́ọ̀lù mú títí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kò fi ní mì mọ́ tí yóò sì ṣì máa yí wẹ́rẹ́. Ẹ má sì gbé kẹ̀kẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ta omi líle fọ ọkọ̀. Omi yẹn á ti gírísì kúrò, á sì dúró nípò rẹ̀.

Ṣéènì kẹ̀kẹ́ tí kò ní gíà ìta máa ń nípọn ju ti onígíà ìta lọ, ẹ má gba ọ̀kan fún èkejì. Láti mọ̀ bóyá ó ti jẹ, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n láti àárín píìnì kan: píìnì kẹrìnlélógún lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sórí íǹsì 12 gẹ́lẹ́. Bó bá ti fi ìdá mẹ́rìndínlógún íǹsì kọjá, ẹ ra tuntun. Bí ẹ bá jẹ́ kó fi ìdá mẹ́jọ kọjá, yóò ti jẹ eyín pẹ̀lú, owó á wá di méjì. Nígbà ọyẹ́, eruku pupa ọ̀nà wa ló ń pa á. Ẹ fi akísà nù ún, ẹ kán ọ́ìlì fúlẹ́fúlẹ́ sórí ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró díẹ̀, ẹ wá nu èyí tó kù níta gbẹ. Ọ́ìlì tí wọ́n fà nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, tó ti dúdú, inú rẹ̀ kún fún ẹ̀tù irin. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ mìíràn.

Ẹ̀yin ará Èkó tí ẹ wà lẹ́bàá òkun, ìpẹtà ni ọ̀tá yín. Ẹ fa ọ̀pá ìjókòó yọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ fi gírísì pa á kí ẹ tó dá a padà, pàápàá bó bá jẹ́ alumíníọ́mù nínú férémù irin. Àwọn méjèèjì máa ń dì pọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní lè yà wọ́n mọ́. Bó ti wà ní ṣíṣí yẹn, ẹ da ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò férémù, kó ṣàn dé ìsàlẹ̀, torí pé inú ni ìpẹtà tó ń pa férémù ti ń bẹ̀rẹ̀, omi òjò sì máa ń dúró sí ìdí pẹ́dà. Bí ihò kékeré bá wà lábẹ́ ibẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹrẹ̀ dí i.

Bí ẹ bá ń lọ sọ́jà, yálà kọ́tà ni o, ife ni o, tàbí nọ́ọ̀tì lásán, ẹ mú ti àtijọ́ dání. Ẹ fi ti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójú ọlọ́jà, ẹ fi ìka yí nọ́ọ̀tì ọ̀kan sórí èkejì. Bó bá yí wọlé wẹ́rẹ́ láìsí sípánà, ẹ sanwó.